Lẹ́tà sí Bàbá Dean Dixon, tó wá ọkẹ́sítírà káàkiri ayé

Bàbá Dixon,

Ẹ ò mọ̀ mí, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ mí, torí 1976 lẹ ti dákẹ́ sí Zug ní Switzerland lọ́hùn-ún, ẹni ọdún 61 péré. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi, pàápàá lálẹ́, tí mo bá tẹ́ ìwé orin sórí tábìlì tí mo sì ń júwọ́ sókè sódò nínú yàrá tí kò sẹ́nì kankan. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ yín lèmi náà ń ṣe, mò ń darí ẹgbẹ́ olórin kékeré kan, a ò tó ọgbọ̀n. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọkẹ́sítírà kan tó tóbi jù wá lọ ní kí n wá bá àwọn darí kọ́ńsáàtì kan, mo kọ́ orin yẹn débi pé mo lè darí ẹ̀ láì wo ìwé, àfi bó ṣe ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ti rí ẹlòmíì. Wọn ò sọ ìdí. Ó dùn mí débi pé mi ò fẹ́ gbọ́ orin kankan mọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan fi rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi, orin tí Howard Swanson, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, kọ, tẹ́yin sì darí, ó ní ṣé mo mọ ọkùnrin tó darí ẹ̀ yìí. Mi ò mọ̀ yín. Ó ká mi lára gan-an pé mo ti ṣe iṣẹ́ yìí tó báyẹn tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ yín fún mi rí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa yín. Harlem, àdúgbò kan ní New York, ni wọ́n bí yín sí ní 1915, ọmọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti Caribbean wá, ìyá yín ló fi fayolíìnì lé yín lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ ò tíì tó ọmọ iléèwé, òun náà ló ń mú yín lọ sí gbọ̀ngàn orin Carnegie Hall kẹ́ ẹ lè gbọ́ orin. Ẹ lọ iléèwé orin Juilliard, ẹ lọ yunifásítì Columbia. Kẹ́ ẹ tó pé ogún ọdún lẹ ti kó olórin jọ ní Harlem tẹ́ ẹ sọ ọ́ di ọkẹ́sítírà tiyín, torí ẹ ti rí i pé ẹni tó máa pè yín ò sí.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ wa kì í tètè rí nǹkan yìí. Ẹni tó ń ta fayolíìnì, tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn níta, á padà sílé, á gbé fayolíìnì ẹ̀ jáde, á ta á títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọwọ́ ẹ̀ ò ní kú. Olùdarí ńkọ́? Igi tín-ín-rín tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kì í dún. Àwọn ọgọ́rin èèyàn tó jókòó síwájú ẹ̀ yẹn ni ohun èlò orin ẹ̀, èèyàn sì lè mọ orin Brahms látòkè délẹ̀, kó mọ ibi táwọn onífèrè á ti mí, kó mọ ibi tí sẹ́lò, àgbà fayolíìnì, á ti gba orin lẹ́nu fayolíìnì, tí wọn ò bá ti fún un ní ọkẹ́sítírà, inú orí ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa kú sí. Kí ohùn kankan tó jáde rárá, bí ọwọ́ ṣe gbéra sókè yẹn ló ń sọ fún wọn bí orin ṣe máa yá tó, bó ṣe máa rinlẹ̀ tó. Kò ṣeé kọ́ níwájú dígí. Ara àwọn èèyàn lèèyàn ti ń kọ́ ọ, èèyàn á júwe, wọn ò ní tẹ̀ lé e, á tún un júwe, títí ọdún á fi gorí ọdún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ní kò sáyè fún olùdarí, ohùn gan-an ni wọ́n gbà lẹ́nu ẹ̀.

Ó tiẹ̀ kọ́kọ́ dà bíi pé ilẹ̀kùn ti ṣí fún yín. Ní 1941 ẹ darí NBC Symphony, ọkẹ́sítírà iléeṣẹ́ rédíò NBC, ọdún yẹn náà lẹ darí New York Philharmonic, ẹni ọdún 26, kò sì sí aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kankan tó dúró síwájú wọn rí. Ẹ darí ti Philadelphia, ẹ darí ti Boston. Ní 1948 Columbia fún yín ní ẹ̀bùn Ditson torí gbogbo akitiyan yín lórí orin àwọn ará Amẹ́ríkà. Ká ní wọ́n ka gbogbo èyí sí mi létí láì dárúkọ, mo máa ní ó tán, kí wọ́n fún ọkùnrin yìí ní ọkẹ́sítírà tiẹ̀. Wọn ò fún yín. Wọ́n á pè yín, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó parí. Àlejò lẹ jẹ́ nílùú tí wọ́n ti bí yín.

Ní 1949 rédíò Faransé pè yín sí Paris, ẹ sì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Israel, lẹ́yìn ẹ̀ ni Gothenburg ní Sweden, 1953 dé 1960, ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ọkẹ́sítírà ńlá tó fi yín ṣe olórí. Ọkẹ́sítírà rédíò Hesse ní Frankfurt gbà yín ní 1961, ẹ sì wà níbẹ̀ dé 1974, Sydney náà gbà yín láàárín 1964 sí 1967, ìyẹn ni pé iṣẹ́ méjì lẹ dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní Jámánì, ọ̀kan ní Ọsirélíà. Àwọn èèyàn máa ń to irú nǹkan báyìí bí ẹni to oyè. Èmi ń wo ara yín. Ọkùnrin tó ń kúrò nínú òtútù bọ́ sínú ooru, tí oorun ẹ̀ ti dàrú, tó sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó dúró síwájú ọgọ́rin èèyàn tó gbọ́n. Olórin ọkẹ́sítírà kì í pẹ́ mọ olùdarí, kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọ́n á ti mọ̀ bóyá ó gbọ́ pé ẹni kejì tó ń fọn horn ṣìnà àbí kò gbọ́. Tí kò bá gbọ́, wọ́n á máa fi ọ̀wọ̀ ta orin fún un ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Rìhásà díẹ̀, kọ́ńsáàtì, pápákọ̀ òfúrufú, ó tún di ìlú míì, èdè míì. Ọpẹ́ ni pé èdè Ítálì tó wà nínú ìwé orin ò yàtọ̀ níbì kankan, tẹ́ ẹ bá ní piano, ìyẹn kí wọ́n rọra ta á, ní Gothenburg, ohun kan náà ni wọ́n gbọ́ ní Sydney.

Ẹ ti sọ ọ́ rí pé ìgbà mẹ́ta ni iṣẹ́ yín pín sí. Nígbà àkọ́kọ́, olùdarí aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè yín, nígbà tó yá ó di olùdarí ará Amẹ́ríkà, ìgbẹ̀yìn ló tó wá di olùdarí Dean Dixon. Mo ti ka ìyẹn tó ìgbà ogún. Gbogbo ọkọ̀ òfúrufú yẹn, gbogbo òtútù yẹn, kí wọ́n lè yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò níwájú orúkọ èèyàn!

Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ sì lọ, Everett Lee, olùdarí aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà bíi tiyín, náà gba Sweden lọ, ó darí ọkẹ́sítírà Norrköping láti 1962 dé 1972, Malmö ló kú sí ní 2022, ẹni ọdún 105. Ní Amẹ́ríkà, ó di 1968 kí New Jersey Symphony tó gba Henry Lewis, aláwọ̀ dúdú bíi tiyín, ṣe olórí. Mo fọwọ́ ṣírò ẹ̀, ọdún 19 lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti lọ. Ká ní wọ́n sọ fún yín ní 1949 pé kẹ́ ẹ dúró, ó ku ọdún 19, ṣé ẹ̀ bá dúró? Èmi ò ní lè dúró.

Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ padà wá ní 1970, New York Philharmonic yẹn náà lẹ tún darí, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún tẹ́ ẹ ti fi Amẹ́ríkà sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ibẹ̀, àfi bí mo ṣe rí i pé ẹ tún padà sí Yúróòpù, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń retí yín láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ó ṣì ń dùn mí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó dun ẹnì kan.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Orin Swanson yẹn tẹ́ ẹ darí, mo ti wá ìwé ẹ̀ rí, mo ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí gbogbo ibi tó le, apá kejì ẹ̀ ṣì ń dà mí láàmú, bí rẹ́kọ́ọ̀dù yín ṣe fà á síbẹ̀ ò tíì yé ọwọ́ mi. Àwọn èèyàn mi ò tíì gbọ́ orúkọ yín. Ọjọ́bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ rìhásà, máa kọ́kọ́ dárúkọ yín fún wọn ká tó gbé ohun èlò kankan.

Èmi ni, ọmọ yín lẹ́nu iṣẹ́ yìí.