Ẹ Bá Wa Pariwo Glaucoma Náà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú mi dùn nígbà tí mo rí àwòrán àwọn ìyá àti bàbá àgbà tí ẹ gbé jáde, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kataráàtì fún lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n tún ń fojú ara wọn rí ọmọ-ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n àìsàn ojú kan wà tí ayọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tẹ̀ lé, nítorí ohun tó bá ti mú lọ kò ní padà mọ́. Glaucoma ni.

Òun ló fọ́ bàbá mi lójú. Awakọ̀ ni wọ́n, Òṣogbo sí Ìbàdàn ni wọ́n ń ná. Ojú kò dùn wọ́n, kò pọ́n, kò sì ṣepin. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ṣú, tí èjìká wọn fi ń gbá ilẹ̀kùn, a sì rò pé ọjọ́ orí ni. Ká tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ojú òsì ti lọ. Dókítà ní omi inú ojú ló ń fún iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ pa, iṣan náà kì í sì í sọjí. Ó kọ oògùn ojú tí wọ́n ń pè ní tímólólù fún wọn, kí wọ́n máa kán an láàárọ̀ àti lálẹ́ títí ayé. A rà á títí owó fi di ọ̀ràn. Bàbá mi á kán an lóṣù yìí, wọ́n á fo òmíràn, wọn ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ojú ọ̀tún náà ṣe lọ nìyẹn.

Ohun tó dùn mí dé akínyẹmí ara ni ìwádìí kan tí mo kà, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn Kilimanjaro Christian Medical Centre ní Tanzania, tó jáde lọ́dún 2021. Wọ́n fún àwọn kan ní tímólólù, wọ́n sì tan iná lésà tí wọ́n ń pè ní SLT sójú àwọn yòókù. Iná náà ń mú kí omi ojú rí ọ̀nà gbà jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sí abẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ṣiṣẹ́ fún ojú 61 nínú 100. Ti oògùn kò ju 31 lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n lè ní láti tan án lẹ́ẹ̀kejì, kì í sì í dá ìríran tó ti lọ padà. Síbẹ̀, ọdún 2001 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí lésà yìí, àwa aláwọ̀ dúdú sì ni glaucoma máa ń tètè mú, tó sì máa ń le lára wa jù.

Mo bẹ ẹ̀yin oníròyìn, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Òfin ìbánigbófò ìlera ti ọdún 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ló dé tí a kò ní fi owó lésà yìí kún un? Níbi ìtọ́jú ojú ọ̀fẹ́ pẹ̀lú, kí wọ́n máa wọn ìfúnpá ojú ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní 40 ọdún, kí wọ́n sì tanná wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, kó tó di pé wọ́n há gíláàsì fún un.

Ọmọ ọdún 43 ni mí. Wọ́n ti yẹ tèmi wò. Àwọn àbúrò mi méjèèjì kò tíì lọ. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà yìí, màá gbé ìwé ìròyìn náà lọ bá wọn nílé.

Òǹkàwé yín,
Òṣogbo