Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wó ààrò ilé búrẹ́dì wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé búrẹ́dì oníbíríkì tó wà ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ló mú mi kọ̀wé sí yín, nítorí a ti gbọ́ pé ẹbí tó ni ín fẹ́ tà á fún ẹni tí yóò wó o, tí yóò sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. N kò bá wọn du ohun ìní bàbá wọn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n dá ààrò inú rẹ̀ sí.

Òru ni wọ́n ti máa ń kó igi sínú ààrò náà, wọn a dáná sí i títí bíríkì yóò fi gbóná janjan. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbá ẹyin iná àti eérú jáde, tí wọn yóò fi àkísà tútù nu ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó fi pátákó ọlọ́wọ́ gígùn ti agolo búrẹ́dì wọlé. Ooru tí bíríkì gbà sára ló ń yan búrẹ́dì yẹn, kì í ṣe ọwọ́ iná. Lára bíríkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ààrò, ipa ìka mẹ́ta ẹni tó mọ ọ́n ṣì hàn, láti ìgbà tí amọ̀ náà wà ní tútù.

Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, ló sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó lẹ́yìn ọdún 1920, òun náà ló sì mú ẹ̀rọ tí ń fi rólà tẹ fúláwà pípò wọlé. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, wà nínú ilé yìí nígbà tí ìyá mi ń rán mi lọ dúró de búrẹ́dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ìjọba ológun fòfin de kíkó àlìkámà wọlé ní 1987, fúláwà di ọ̀wọ́n gógó, iná ààrò náà sì kú. 1992 ni wọ́n tó gbé òfin ọ̀hún kúrò, ṣùgbọ́n bàbá oníbúrẹ́dì ti darúgbó nígbà náà.

Ilé Ìlójò ní Tinúbu l'Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Bí èyí tó ní ìwé ìjọba lọ́wọ́ bá lè lọ bẹ́ẹ̀, kí ni yóò gba tiwa tí kò ní ìwé kankan? Mo bẹ ẹbí náà, àti ẹni tó fẹ́ rà á, pé kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn yí ààrò náà ká. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n, kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a sì yọ bíríkì onípa ìka yẹn kí wọ́n tó gbé katapílà dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.