Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé eré ìje àwọn ọmọbìnrin kúrú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín.

Olùkọ́ àlejò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà. Ìṣirò ni mo wá kọ́ wọn fún sáà kan. Yàrá tí wọ́n fi mí sí kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ ń sùn, nítorí náà kí ọjọ́ eré ìdárayá tó pé ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti paná tán báyìí, ẹ ó gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹnì kan á ké pé “Gbà!”, nǹkan á já bọ́ lórí símẹ́ńtì, ẹ̀rín á sì bú. Igi ìgbálẹ̀ tó ti kán ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá. Màtírọ́ọ̀nù á bú wọn títí, lẹ́yìn náà á dúró wò wọ́n.

Ọjọ́ eré gan-an ni mo tó mọ ohun tí ariwo òru yẹn wà fún. Nínú eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sá mítà 100, mítà 30 péré ni òfin fi sílẹ̀ fún gbígba ọ̀pá lọ́wọ́ ara ẹni. Ẹni tó fẹ́ gbà á kì í wẹ̀yìn. Á ti gbéra kí ẹnìkejì tó dé, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á sì gbẹ́kẹ̀ lé ohùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ilé Aláwọ̀ Ewé ló ní àwọn tó lẹ́sẹ̀ jù, síbẹ̀ Ilé Pupa ló gbégbá orókè, nítorí ọ̀pá wọn kò dúró lójú kan rárá. Ọmọ tó ń gbọ́ ohùn ẹnìkejì rẹ̀ tàárọ̀ talẹ́, kí ló fẹ́ máa wẹ̀yìn sí? Mo pariwo títí ohùn mi fi há, èmi tí n kò sí nílé kankan.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni eré mítà 800. Ọmọ tó ṣe ipò kìíní kọjá ìlà tán, ló bá wó lulẹ̀ sórí koríko. Kíá ni ayàwòrán ti dé ibẹ̀. Àlejò pàtàkì kan tó jókòó nítòsí mi mi orí, ó ní ara ọmọbìnrin kò gba irú eré yìí, kí wọ́n fi mọ sí mítà 200. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó gbọ́ ọ ló ń sọ pé òótọ́ ni. Kò pẹ́ náà, mo wo ibi tí wọ́n ti ń fa okùn, ọmọ yìí kan náà ló wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi gìgísẹ̀ gúnlẹ̀, ó ń fà, ó sì ń pariwo ju gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ. Ayàwòrán ti lọ jẹun.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìdíje Òlímpíìkì ti Amsterdam lọ́dún 1928 ni wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin láyè láti sáré níbẹ̀. Ọmọ ilé ìwé girama kan láti Amẹ́ríkà, Betty Robinson, ọmọ ọdún 16, ló gba góòlù mítà 100. Ní mítà 800, Lina Radke ará Jámánì ló borí, ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16.8, obìnrin kankan kò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Àwọn mẹ́sàn-án ló sá àṣekágbá rẹ̀, àwọn mẹ́sàn-án náà ló parí rẹ̀. Àwọn oníròyìn kan wá kọ ọ́ pé ńṣe ni àwọn obìnrin ń ṣubú káàkiri pápá, pé ọ̀pọ̀ kò lè parí. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò nìyẹn, ó di ọdún 1960 ní Róòmù kí wọ́n tó dá a padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí obìnrin tó sá ju mítà 200 lọ ní Òlímpíìkì.

Mo gbà pé ó rẹ ọmọ yẹn. Ta ni mítà 800 kì í rẹ̀? Àwọn ọkùnrin náà ń wó lulẹ̀ níparí eré, akin ni à ń pè wọ́n.

Ẹ má bínú o, Olóòtú, ó kan ẹ̀yin náà. Tí ẹ bá ń gbé àwòrán eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ jáde, àlejò tó ń fúnni ní ife-ẹ̀yẹ ni ẹ máa ń dárúkọ, toyè-toyè. Ọmọ tó gbà á, “akẹ́kọ̀ọ́ kan” ni. Ẹ jẹ́ kí akọ̀ròyìn yín béèrè ohun tí ọmọ náà sá àti iye ìṣẹ́jú tó lò. Tó bá sì ṣubú, kí ayàwòrán dúró kó dìde.

Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà fẹ́ jókòó lórí bóyá kí mítà 800 ṣì wà lọ́dún tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ àlejò