Sí Ọmọ Mi, Lórí Ẹ́ńsáìmù Tí Ń Yọ Nítíríìkì Ọ́ksáìdì Kúrò Lára Púrótéènì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́. Inú mi dùn gidigidi pé nítíríìkì ọ́ksáìdì, gáàsì tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe, ni o yàn fún ìwádìí rẹ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má ṣe gbájú mọ́ bí ó ṣe ń lẹ̀ mọ́ púrótéènì nìkan. Àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń yọ ọ́ kúrò ni kí o kọ́kọ́ mọ̀ dénú.

Wo caspase-3, ẹ́ńsáìmù tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pa ara rẹ̀. Bí nítíríìkì ọ́ksáìdì bá so mọ́ imí ọjọ́ tó wà lára cysteine (ọ̀kan lára àwọn ásíìdì amino tó para pọ̀ di púrótéènì) tó fi ń ṣiṣẹ́, ìdè yẹn kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́. Lọ́dún 2008, ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jonathan Stamler fi hàn pé púrótéènì kékeré kan, thioredoxin, ló ń tú ìdè náà. Cysteine méjì, ti ipò 32 àti ti ipò 35, ló fi ń ṣe é. Bí ó bá ti tú u tán, àwọn méjèèjì a so pọ̀, ẹ́ńsáìmù mìíràn, thioredoxin reductase, a sì gba ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ NADPH, mólékù tí ń gbé ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kiri inú sẹ́ẹ̀lì, láti tún wọn yà, kí thioredoxin lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ti ẹ́ńsáìmù kejì, GSNOR (S-nitrosoglutathione reductase), yàtọ̀, òun ló sì wù mí jù. Kì í fọwọ́ kan púrótéènì rárá. Nítíríìkì ọ́ksáìdì tó so mọ́ glutathione, mólékù kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì, nìkan ló ń bà jẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé glutathione àti púrótéènì jọ ń gba nítíríìkì ọ́ksáìdì lọ́wọ́ ara wọn ni, ti ara púrótéènì náà a máa dín kù, bí ìgbà tí a la ojú àgbàrá tí omi àgbàlá sì ń fà.

Nítorí náà, bí o bá rí i pé ìdè yìí pọ̀ sí i, má yára kọ ọ́ sílẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ń ṣe nítíríìkì ọ́ksáìdì jù. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ń yọ ọ́ ló dẹwọ́. Lo auranofin, oògùn làkúrègbé tí ń dí thioredoxin reductase lọ́wọ́, kí o sì fi èyí tí o kò fi oògùn sí wé e. Jọ̀wọ́, má ṣe ṣiṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa já ìdè yìí fúnra rẹ̀. Bo àwọn ìgò rẹ, kí o sì máa ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ìfiwéra, tí o kò ní fi ascorbate (fítámì C tí a fi ń tú ìdè yìí nígbà tí a bá ń wọ̀n ọ́n) sí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ