Béèrè Omi Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ẹ wà ní àlàáfíà. O ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó fẹ́ fi odò tí ń ṣàn pèsè iná mànàmáná ń wá àwọn tí yóò bá a dá owó pọ̀, o sì fẹ́ mọ èrò mi, nítorí pé mo ti bá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí. N kò ní sọ pé kí o fowó sí i tàbí kí o má fowó sí i. Ohun kan ni mo fẹ́ kí o bi wọ́n kí o tó béèrè ohunkóhun mìíràn: ọdún mélòó ni wọ́n fi wọn omi odò náà?

O ní o kò rí ìsédò ńlá kankan nínú àwòrán tí wọ́n fi hàn ọ́. Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì yẹ kí ó wà, torí pé irú iṣẹ́ yìí kì í fi omi pamọ́. Ògiri kúkúrú kan ni wọ́n máa ń mọ la odò kọjá lókè, kí omi lè ga díẹ̀, kí apá kan rẹ̀ sì yà sọ́tọ̀. Omi tí ó yà náà yóò kọjá nínú kòtò tí iyanrìn ti ń rọlẹ̀, yóò wọ páìpù gígùn tí ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, yóò yí tọ́báìnì, ìyẹn ẹ̀rọ oníkẹ̀kẹ́ tí omi ń yí kí iná lè jáde, nínú ilé ẹ̀rọ ní ìsàlẹ̀, yóò sì padà sínú odò kan náà. Má fojú kéré kòtò iyanrìn yẹn o. Wọ́n ní omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n iyanrìn tí ó bá omi rìn jẹ́ ọ̀tá irin.

Ohun méjì ni agbára iná náà ti ń wá: bí omi ṣe pọ̀ tó, àti bí ibi tí ó ti ń já bọ́ ṣe ga tó. Bí omi tí ó lè kún àpótí tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan bá ń kọjá ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá, tí ó sì ń ti òkè mítà 50 bọ̀, nǹkan bí kílówáàtì 400 ni yóò mú jáde lẹ́yìn tí páìpù àti ẹ̀rọ bá ti gba ìpín tiwọn. Gíga òkè kì í yí padà. Omi ni ó ń yí padà, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí kò ní adágún kò lè tọ́jú omi òjò de ẹ̀ẹ̀rùn.

Èmi fúnra mi wà lára àwọn tí ó ń wọn omi níbi tí mo ti ṣiṣẹ́. A ri ọ̀pá oníàmì sínú odò, a sì ń ka bí omi ṣe ga tó lójoojúmọ́. Láti ìgbà dé ìgbà, a ó po iyọ̀ mọ́ omi nínú ike ńlá, a ó dà á sódò lókè, a ó sì dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí ń mọ ìgbà tí omi oníyọ̀ bá ń kọjá, nítorí pé omi oníyọ̀ ń gbé iná ju omi lásán lọ. Láti inú ìyẹn ni a ti ń ṣírò iye omi tí ń ṣàn. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé orí wa ti dàrú. Iṣẹ́ náà péye, àmọ́ ọdún kan péré ni a fi ṣe é, ọdún náà sì jẹ́ ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa. Gbèdéke ìwé àṣẹ ń súnmọ́, báǹkì ń béèrè ìṣirò, àwọn ọ̀gá wa sì fi ìwọ̀n ọdún kan ṣoṣo náà yan tọ́báìnì. Nígbà tí ọdún tí òjò kò pọ̀ dé, omi tí ó kù kò tó èyí tí ẹ̀rọ náà lè fi yí rárá. Ẹ̀rọ dúró, èlé orí owó tí a yá kò dúró. Mo jẹ́wọ́ fún ọ pé mo mọ̀ nígbà náà pé ọdún kan kò tó, ṣùgbọ́n ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo fi sọ ọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ni pé kí a to ìwọ̀n omi ojoojúmọ́ láti orí èyí tí ó pọ̀ jù dé orí èyí tí ó kéré jù, kí a lè rí omi tí a lè fọkàn tẹ̀ fún ọjọ́ 347, ká sọ, nínú ọjọ́ 365. Bí ìwọ̀n tiwọn kò bá pẹ́, kí wọ́n fi wé ti odò ìtòsí tí a ti ń wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú ẹ̀rọ tí wọn yóò rà náà ṣe pàtàkì. Èyí tí Lester Pelton gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1880, tí omi ń ti ẹnu páìpù tóóró ta lu àwọn ife tí a tò yí kẹ̀kẹ́ ká, wà fún ibi gíga tí omi rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí omi bá ti dín kù gan-an. Èyí tí a ń pè ní Francis kì í fara da irú ìdínkù bẹ́ẹ̀. Òun ni a rà.

Tún béèrè iye omi tí wọn yóò fi sílẹ̀ fún odò fúnra rẹ̀. Láàárín ibi tí a ti gba omi àti ibi tí a ti dá a padà, odò lè gbẹ bí a bá fi ojúkòkòrò fa gbogbo rẹ̀ sínú páìpù, ẹja kò sì lè gbé orí òkúta. Omi tí a fi sílẹ̀ yìí kò sí lára èyí tí a ó fi ṣe iná, nítorí náà, bí wọ́n bá kà á mọ́ tiwọn, ìṣirò wọn kò jóòótọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni pé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lójijì, omi ìsàlẹ̀ ilé ẹ̀rọ yóò fà kí omi òkè tó dé, àwọn ọmọ ẹja a sì há sórí iyanrìn.

Ní ti wáyà tí yóò gbé iná lọ, ẹni tí yóò rà á, àti iye ọdún tí àdéhùn rẹ̀ yóò fi wà, o mọ bí a ṣe ń yẹ irú rẹ̀ wò jù mí lọ.

Má ṣe rò pé mò ń lé ọ sá. Mo ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. A kì í ra epo fún un, kò sí abúlé tí omi adágún ń bò mọ́lẹ̀, ilé ẹ̀rọ tí a bá sì tọ́jú lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1882 ni omi odò Fox ti tan iná ní Appleton, ní Amẹ́ríkà, nítorí náà kò sí ohun àjèjì nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí ó bà ọ́ lẹ́rù.

Bí wọ́n bá fún ọ ní ìwé ìwọ̀n omi náà, fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Láti ìparí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, níbi tí àwọn ọjọ́ tí omi kéré jù lọ wà. Bí wọ́n bá sì ní àṣírí ilé-iṣẹ́ ni, kọ̀wé sí mi síbẹ̀, kí n lè mọ̀ pé owó rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.