Ẹrù Mísírà: lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ ọmọ mi

Ìlọrin

Àṣàkẹ́ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti Bàbá Fárúkù wà? Fárúkù àti àbúrò rẹ̀ ti jẹun, wọ́n ti sùn, má fi tiwọn ṣe ìdààmú. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ló lé oorun lójú mi: àpótí mẹ́ta, gbogbo wọn wú, síìpù ọ̀kan ò tilẹ̀ lè pa dé, o wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ìyá, a ti palẹ̀ mọ́ tán.” Ọmọ mi, ẹ kàn di ẹrù ni, ẹ ò tíì palẹ̀ mọ́: méjì ló yẹ kí mẹ́ta yẹn dà. Mo fẹ́ pè ọ́, mo wá rò ó pé ọ̀rọ̀ orí fóònù a máa bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ ní Èkó láàárọ̀ ọ̀la ló máa gbé ìwé yìí wá, kí o lè gbé e ka iwájú nígbà tí o bá tún àwọn àpótí yẹn tú.

Bí o ṣe là á sílẹ̀ fún mi, ẹ ó wọ bàálù láti Èkó dé Káírò ní Mísírà, ẹ ó sun alẹ́ mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ ó wọ bàálù mìíràn lọ sí Aswan, ibẹ̀ lẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi tó máa bá odò Náílì lọ títí dé Luxor, alẹ́ mẹ́ta lórí omi, kí ẹ tó padà sí Káírò. Mo jókòó, mo ka iye ìgbà tí ẹlòmíì máa gba ẹrù lọ́wọ́ yín. Ìgbà mẹ́jọ ni: àwọn ti pápákọ̀ òfuurufú, àwọn ti hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń ru ẹrù wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó ń rù ú sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà mẹ́jọ tí àpótí lè gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Mi ò wọ irú ọkọ̀ ojú omi bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo mọ ìrìn àjò tí ẹrù kì í bá ẹni tó ni ín rìn. Lọ́dún tí mo lọ sí Mẹ́kà, nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, wọ́n ní ká wọ bọ́ọ̀sì lọ, pé bọ́ọ̀sì mìíràn ló máa kó àpótí wa tẹ̀ lé wa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà nínú àpótí ńlá. Èmi fúnra mi ni mo fi síbẹ̀, mo wé e sínú ọ̀rá dúdú, mo tì í sí àárín aṣọ, kó má baà sọnù. Ilé mìíràn ni wọ́n já àwọn àpótí wa sí. Alẹ́ méjì gbáko ni mo fi wà láìlo oògùn. Orí mi ń lù bí ìlù, ojú mi ń ṣú, títí arábìnrin ará Ọ̀fà kan tí a jọ wà ní yàrá fi fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn alálàájì. Nígbà tí àpótí wá dé, ọ̀rá dúdú náà wà níbi tí mo fi sí gan-an, kò sún ní ìka kan. Oògùn ò sọnù o, èmi ni mo jìnnà sí i.

Ìgbà tí ó tó àkókò àti lọ sí Mínà, níbi tí àwọn alálàájì ti ń sùn nínú àgọ́, mo ti kọ́gbọ́n. Mo fi àpótí ńlá sílẹ̀ nínú ilé tí a dé sí ní Mẹ́kà, mo mú àpò kékeré kan tí mo lè fi kọ́ èjìká. Ìpààrọ̀ aṣọ kan, sálúbàtà, ẹní ìkírun, ọṣẹ tí kò ní òórùn, oògùn mi ní apá òde tí ọwọ́ tètè ń tó. Gbogbo ọjọ́ tí a fi wà ní Mínà, Àráfà àti Mùsìdálífà, kò sí ohun tí mo wá tí n kò rí. Àwọn tó gbé àpótí ńlá wá ń wọ́ ọ gba àárín èrò kọjá, a ń káàánú wọn.

Nítorí náà, ní ti ẹrù, fi ojú Mẹ́kà wo Káírò, kí o sì fi ojú Mínà wo ọkọ̀ ojú omi yẹn. Nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ ó padà sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan náà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á bá yín tọ́jú àpótí kan. Hòtẹ́ẹ̀lì a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò wọn. Ẹ gba nọ́ńbà tàbí ìwé tí wọ́n bá fún yín dání, kí ẹ mú báàgì alábọ́dé kọ̀ọ̀kan lọ sí Aswan. Bàálù tó ń lọ sí Aswan lè má gba ìwọ̀n tí ti Èkó gbà. Ka tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o má sọ pé bí àkọ́kọ́ ṣe rí ni ìkejì rí. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá sọ pé kílò 23, kílò 20 ni kí o di láti ilé, torí ẹnikẹ́ni kì í ti Mísírà bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ní báyìí, àpò ọwọ́. Ibẹ̀ ni ọkàn mi wà jù. Kí àpò tó wà lára rẹ lè tó yín lò fún ọjọ́ méjì bí wọn ò bá rí àpótí yín: páásípọ́ọ̀tù, físà, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì àti ti ọkọ̀ ojú omi tí ẹ ti tẹ̀ sórí bébà, ìpààrọ̀ aṣọ kan pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan, híjáàbù kan, jígí ojú rẹ, ṣájà. Páwà báǹkì ò gbọdọ̀ wọ àpótí tí wọ́n ń gbà wọlé, àpò ọwọ́ ni ààyè rẹ̀, nítorí bátìrì rẹ̀ lè gbiná níbi tí ojú ò tó. Ìpara, ọṣẹ olómi àti lọ́fínńdà tó bá wà nínú àpò ọwọ́, kí ike kọ̀ọ̀kan má ju mílílítà 100 lọ, kí gbogbo wọn wà nínú ọ̀rá funfun kan tó mọ́ gaara. Òrí tó wà nínú agolo ńlá yẹn, bù ú sínú ike kékeré.

Má gbàgbé yẹ́lò kàádì, ìwé tó fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever). Íjíbítì, ìyẹn Mísírà náà, ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára kí ẹ tó débẹ̀, torí náà bí ti Bàbá Fárúkù ò bá sí, kó lọ gbà á lọ́sẹ̀ yìí. Tìrẹ tí o gbà nígbà iléèwé ṣì dára. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ní kò ní ọjọ́ ìparí mọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta káàdì fún ọ láìgún abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn a máa ro Bàbá Fárúkù, mo sì mọ̀ pé àwọn èèyàn a máa ki tramadol, oògùn ìrora líle yẹn, bọ àpò bí ẹni ki gúgúrú. Kó má dé Íjíbítì, bó ṣe wóró kan. Lọ́dún 2017, wọ́n rán obìnrin ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta níbẹ̀ torí nǹkan bí 290 wóró tramadol tó wà nínú àpótí rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun ọkùnrin òun, ìyẹn ò gbà á sílẹ̀. Oògùn ikọ́ tó ní codeine náà, ẹ fi sílé. Èyí tí dókítà kọ fún yín, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí tí wọ́n tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà tó ní orúkọ yín. Ẹ má da wóró pọ̀ sínú ike kan bí mo ṣe ń ṣe nílé.

Kí o kó oògùn ibà dání. O lè sọ pé kí la fẹ́ fi ṣe, nígbà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti kéde ní October 2024 pé kò sí ibà ẹ̀fọn mọ́ ní Íjíbítì. Ibà Èkó ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ̀fọn tó jẹ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan kí o tó lọ, orí omi ni ibà rẹ̀ ti lè dìde, dókítà ibẹ̀ sì lè máà ronú kàn án. Bí ara rẹ bá gbóná, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí o máa sọ fún un ni pé Nàìjíríà lo ti wá.

Àṣàkẹ́, má gba ẹrù ẹlẹ́rù. Ìyá ọkọ rẹ lè ní ọmọ ọ̀rẹ́ àwọn ń kàwé ní Káírò, pé ọ̀rá gààrí kékeré ni. Fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n, kí o kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, kí o sọ pé ẹrù yín ti kún. Àní ẹni tí kò gba nǹkan kan gan-an ò ní kó má ṣọ́ra. Ní December 2018, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ìyá rẹ̀ lọ ṣe úmúrà láti Kano. Àwọn kan ní pápákọ̀ òfuurufú fi orúkọ rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún àpò kan tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, tramadol ló wà nínú rẹ̀. Saudi mú un. Ìparí April 2019 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, oṣù mẹ́rin. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ, mo sunkún bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ àpótí yín tán, ka ìwé pélébé tí wọ́n fún ọ padà. Àpótí méjì, ìwé méjì. Bí o bá rí ìkẹta, pariwo níbẹ̀, kí o má kúrò.

Ya fọ́tò àpótí kọ̀ọ̀kan kí o tó fi lé wọn lọ́wọ́, ní ṣíṣí àti ní pípa dé. Kí o sì da aṣọ yín pọ̀: ìlàjì tìrẹ nínú àpótí ọkọ rẹ, ìlàjì tirẹ̀ nínú tìrẹ. Bí ọ̀kan bá ṣáko, kò sẹ́ni tó máa wà ní ìhòòhò. Bí àpótí ò bá jáde ní Káírò, ẹ má jáde nínú pápákọ̀ láìkọ ẹ̀sùn sílẹ̀, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Èyí tó bá fọ́, ọjọ́ méje lẹ ní láti kọ̀wé. Èyí tó pẹ́ kó tó dé, ọjọ́ 21, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún yín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Àáfà tó kàwé ní Al-Azhar ní Káírò, sọ fún mi nípa ọkọ̀ ojú omi wọ̀nyẹn. Yàrá wọn ò tóbi, abẹ́ ibùsùn ni wọ́n ń ti àpótí sí. Bí ọkọ̀ bá pọ̀ ní èbúté, wọ́n a so wọ́n mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, tó fi jẹ́ pé inú ọkọ̀ ẹlòmíì lẹ ó gbà kọjá kí ẹ tó dé orí ilẹ̀. Ẹ mọ orúkọ ọkọ̀ yín sórí. Báàgì tó bá wúwo jù, ojú ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀. Ẹ ṣẹ́ owó wọn sí kéékèèké fún àwọn tó ń bá yín rù ú. Ríìnìgì iná tí a fi ń se nǹkan tí mo rí nínú fọ́tò yẹn, yọ ọ́, áyọ́ọ̀nù náà. Lórí omi, iná ni wọ́n ń sá fún jù, wọ́n sì ń se oúnjẹ fún yín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ata gbígbẹ díẹ̀ ti tó. Ihò iná wọn, ẹlẹ́nu roboto méjì ni, ti ṣájà wa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò ní wọ̀ ọ́, ẹ ra adápítọ̀ láti Èkó.

Òtútù àárọ̀ lórí Náílì ní December dà bí ọyẹ́ tiwa: o ń gbọ̀n ní ìdájí, oòrùn á sì gún ọ lọ́sàn-án. Suẹ́tà kan àti ìborùn kan tó nípọn sàn ju aṣọ òtútù ńlá kan lọ. Bí ẹ bá máa lọ wo tẹ́ḿpìlì àtijọ́ ní Abu Simbel, òru ni bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Aswan, torí náà ẹ ti di àpò kékeré tì sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó sùn. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, iyanrìn pọ̀ níbẹ̀.

Alẹ́ tó kẹ́yìn nínú ọkọ̀, wọ́n lè ní kí ẹ gbé ẹrù síta kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Yọ aṣọ tí ẹ máa wọ̀, búrọ́ọ̀ṣì, oògùn àti páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ kí o tó ti síìpù. Èèyàn ti di aṣọ ọ̀la rẹ̀ mọ́ ẹrù rí, tó wá fi aṣọ àwọ̀sùn sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń ra nǹkan ní Luxor, bí ẹnikẹ́ni bá ní òkúta àtijọ́ gidi lòun ń tà, ẹ kọjá lọ. Òfin ilẹ̀ wọn ti ka títà rẹ̀ léèwọ̀ láti ọdún 1983.

Aṣọ pélébé méjì ló wà nínú ìwé yìí. Òfì tó ṣẹ́ kù lára èyí tí mo fi ṣe ìgbéyàwó rẹ ni, pupa àti àwọ̀ ewé. Àpótí dúdú ni gbogbo ayé ń gbé, mo rí i ní Jeddah, èèyàn ń já ti ẹlòmíì gbà lọ́wọ́ ara wọn. So ọ̀kan mọ́ etí àpótí kọ̀ọ̀kan, kí o ta á ní kókó méjì. Kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ sínú àpótí náà, torí ìwé ti òde a máa já.

Tú àwọn àpótí mẹ́ta yẹn lọ́la lẹ́yìn ìrun àsárì, kí o dín wọn kù sí méjì, kí o sì ya fọ́tò méjì náà ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí ẹ bá dé Káírò tí àpótí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ pè mí, ìgbà yòówù kó jẹ́ lóru. Fóònù mi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ yín lálọ, kó ṣọ́ yín lábọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.