Ìkéde: Su Shi la ó kà ní Sátidé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òǹkàwé, a kí yín o. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé la ó jíròrò lórí Su Shi (1037–1101), akéwì ilẹ̀ Ṣáínà tó tún jẹ́ ọ̀gá nínú fífi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé. Ewì ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n lọ́dún 1079. Wọ́n ní ó fi bú ìjọba. Wọ́n lé e lọ sí Huangzhou, ìlú kan ní Ṣáínà, ó sì ń roko jẹun níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ ewì ọdún Oúnjẹ Tútù, àjọ̀dún àtijọ́ kan ní Ṣáínà: òjò ò dá, ilé rẹ̀ dà bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, esùsú tútù ló fi ń dáná nínú ààrò tó ti fọ́. Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dáadáa: ó kéré níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń tóbi sí i bí ìbànújẹ́ ṣe ń pọ̀. Ibẹ̀ yẹn ló wù mí jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́.